Àyẹ̀wò rákẹ́ẹ̀tì Astrox 88S Pro àti 88D Pro: èwo ló yẹ ẹni tí ń gbá eré oníméjì-méjì?

Rákẹ́ẹ̀tì badminton pọ̀ lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni a lè sọ pé ó dá lórí èrò kan pàtó nípa bí a ṣe ń gbá eré náà. Astrox 88S àti Astrox 88D wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ yìí. Ọdún 2018 ni ilé-iṣẹ́ Yonex ti ilẹ̀ Jàpáánù gbé àwọn méjèèjì jáde pọ̀, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé àwọn tí ń gbá eré oníméjì-méjì ló wà lọ́kàn àwọn nígbà tí àwọn ṣe é: kí ẹni tí ń dúró níwájú, lẹ́bàá àwọ̀n, mú 88S, kí ẹni tí ń ti ẹ̀yìn wá lu bọ́ọ̀lù oníyẹ́ náà mọ́lẹ̀ mú 88D. Ní 2021 wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n sì fi Pro kún orúkọ wọn; ní 2024 wọ́n tún gbé ẹ̀dà mìíràn ti Pro náà jáde. Pro yìí ni àyẹ̀wò mi dá lé. Mo ti gbá àwọn méjèèjì níwájú, mo sì ti gbá wọn lẹ́yìn, èrò mi sì ni pé iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ eré náà sí méjì kò bá ohun tí ojú àwọn tí ń fi eré oníméjì-méjì jẹun ń rí mu tán. Ẹni tó bá fẹ́ náwó lé ọ̀kan nínú wọn yóò ṣe dáadáa bó bá kọ́kọ́ wo bí àwọn akọni eré náà ṣe lo ìgbà wọn, kí ó tó wo lẹ́tà tó wà lára rákẹ́ẹ̀tì.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe rí lọ́wọ́. Òfin badminton kò jẹ́ kí rákẹ́ẹ̀tì kankan gùn ju mìlímítà 680 lọ, kò sì jẹ́ kí fírémù rẹ̀ fẹ̀ ju mìlímítà 230 lọ, nítorí náà ibi tí àwọn tó ń ṣe rákẹ́ẹ̀tì ti ń fi ọgbọ́n hàn ni bí wọ́n ṣe pín ìwúwo rẹ̀ àti bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe le tó. A ń rí méjèèjì rà ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní 4U, tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 83, àti 3U, tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 88. Gíráàmù 5 yìí kò jọ ohun tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ jà lé lórí, ṣùgbọ́n bí eré bá ti gbóná fún wákàtí kan, èjìká yóò jẹ́rìí sí i. Orí àwọn méjèèjì wúwo ju ìdí wọn lọ, bí gbogbo ẹbí Astrox ti rí. Yonex fi ìwúwo sí orí, wọ́n fi díẹ̀ sí ibi tí ọ̀pá ti wọ inú fírémù, wọ́n sì fi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi ìdìmú, kí rákẹ́ẹ̀tì lè tètè padà sí ipò rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fi í gbá bọ́ọ̀lù. Orí 88D ló wúwo jù. Bí a bá dì í mú tí a sì ń mi ọwọ́ síwá-sẹ́yìn, a ó rí i pé orí rẹ̀ ń fa ọwọ́ tẹ̀lé ara rẹ̀, nígbà tí 88S ń dúró de ohun tí ọwọ́ bá pàṣẹ. Ọ̀pá àwọn méjèèjì le. Ẹni tí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kò bá yára yóò rò pé igi ni òun dì mú, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò sì ní í dé ẹ̀yìn pápá.

Kò ṣòro láti mọ ohun tó mú kí èrò iwájú àti ẹ̀yìn yìí wọ àwọn ènìyàn létí. Ní àkókò tí Astrox 88 dé, Marcus Fernaldi Gideon àti Kevin Sanjaya Sukamuljo láti Indonẹ́ṣíà ló ń ṣe bó ti wù wọ́n nínú eré oníméjì-méjì ti ọkùnrin, àwọn náà ni Yonex sì fi ṣe ojú fún ọjà yìí. Wọ́n gba ìdíje All England ní 2017 àti 2018, wọ́n gba wúrà ní ìdíje ilẹ̀ Éṣíà ní 2018, wọ́n sì wà ní ipò kìíní lágbàáyé fún èyí tó pọ̀ jù láàárín 2017 sí 2022. Wọn kò ga, ìdí nìyẹn tí àwọn olólùfẹ́ wọn fi sọ wọ́n ní Minions, bí àwọn ẹ̀dá kúkúrú inú sinimá. Ọwọ́ Sukamuljo níwájú àwọ̀n yá débi pé bọ́ọ̀lù tí alátakò rò pé òun ti gbá kọjá a máa padà sí i lẹ́sẹ̀ kí ó tó gbé rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè; Gideon ní tirẹ̀ á máa ti ẹ̀yìn fò, á máa lù, á sì tún lù. Bí ènìyàn bá wo ìṣẹ́jú bíi mélòó kan nínú eré wọn, yóò gbà pé òdodo ni Yonex ń sọ. Ṣùgbọ́n bó bá wo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò rí i pé Sukamuljo ń lu símáàṣì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí a lù mọ́lẹ̀ kíkankíkan, láti ẹ̀yìn, Gideon sì ń sáré wá pa bọ́ọ̀lù níwájú àwọ̀n, nítorí pé àárín àwọn méjèèjì ni agbára wọn wà, bí wọ́n ṣe ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe ẹnikẹ́ni. Kí n sì fi kún un pé gbogbo ìyára yẹn kò gbé wọn dé ibi gbogbo: wọn kò gba ìdíje Àgbáyé rí, wọn kò gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì kankan, Aaron Chia àti Soh Wooi Yik láti Malaysia ló sì dá wọn dúró ní ìpele tó ku ikọ̀ mẹ́jọ ní Tókíò. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Gideon lẹ́sẹ̀ ní 2022, àwọn méjèèjì sì fẹ̀yìntì ní 2024.

Òfin eré gan-an ló kọ́kọ́ tako ìpín tí S àti D ń ṣe. Nínú eré oníméjì-méjì, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ máa gbá sáàfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ayò; bí ayò ṣe ń wọlé tó sì ń bọ́ ló ń pinnu ẹni tó kàn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun fi ti òun sílẹ̀ fún ẹnìkejì òun. Nínú eré ti ọkùnrin àti ti obìnrin, ẹni tó gbá sáàfù ló sábà máa ń dúró síwájú, ẹnìkejì rẹ̀ á wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti 2018 ni òfin ti fi lélẹ̀ pé gbogbo ara bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ mítà 1.15 láti ilẹ̀ nígbà tí rákẹ́ẹ̀tì bá kàn án. Àwọ̀n sì ga tó mítà 1.55 lẹ́bàá òpó, nítorí náà kò sí ọgbọ́n tí sáàfù fi lè lọ tààrà: ó gbọ́dọ̀ gòkè, alátakò sì ti ń dúró dè é. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Ẹni tó ń gbá sáàfù fi àtàǹpàkò àti ìka kan mú ìyẹ́ bọ́ọ̀lù ní ṣóńṣó, ó ti ọwọ́ sókè lára ibi ìdìmú kí rákẹ́ẹ̀tì lè kúrú sí i lọ́wọ́, ó ti bọ́ọ̀lù pẹ̀lẹ́ kí ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ra orí àwọ̀n kọjá, kí bọ́ọ̀lù náà sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ ní òdìkejì, rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà lókè níwájú ojú rẹ̀, nítorí bí alátakò bá ti fò mọ́ ọn, àyà rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Ẹni tó mú 88D ló ń dúró níbẹ̀ yẹn ní nǹkan bí ìdajì àwọn sáàfù ikọ̀ rẹ̀, ní ibi tí wọ́n ní rákẹ́ẹ̀tì ẹnìkejì rẹ̀ ló yẹ.

Nígbà tí ikọ̀ kan bá sì gbé bọ́ọ̀lù sókè fún alátakò, ọ̀rọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn ti dópin. Àwọn méjèèjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú ìhà tirẹ̀ nínú pápá tó fẹ̀ tó mítà 6.1, wọn á sì máa gba símáàṣì. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé 88D ń béèrè ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní lọ. Bọ́ọ̀lù kan a dé sí ìbàdí ọ̀tún, èyí tó tẹ̀lé e a dé sí èjìká òsì, orí rákẹ́ẹ̀tì tó wúwo a sì fẹ́ máa lọ sí ọ̀nà tí a ti gbé e lọ tẹ́lẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ti ń wá ọ̀nà mìíràn. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní ọrùn-ọwọ́ tó lè fi agbára dá a padà. Àwa yòókù, bí a bá mú 3U ti 88D lọ dúró gba símáàṣì, bọ́ọ̀lù yóò ti kọjá kí rákẹ́ẹ̀tì tó dé.

Nítorí èyí, 88S Pro ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn méjèèjì, mi ò sì rò pé ó yẹ kí a máa pè é ní rákẹ́ẹ̀tì ẹni iwájú. Ó ń yí lọ́wọ́ kánkán nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ tí ń bọ̀ ní ìwọ̀n gíga àyà, èyí tó jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹ ayò tí wọ́n sì ti ń pàdánù rẹ̀ jù nínú eré oníméjì-méjì. Ó ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù rọra jábọ́ níwájú àwọ̀n láìfò sókè. Bí a bá sì bá ara wa lẹ́yìn pápá, ìwúwo tó wà lórí rẹ̀ tó láti fi lu símáàṣì tí alátakò yóò bọ̀wọ̀ fún. Àléébù tí mo rí lára rẹ̀ ni pé bí ó ti ń rẹ ènìyàn, ọ̀pá líle rẹ̀ kì í ràn án lọ́wọ́. Rákẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pá rẹ̀ ń tẹ̀ díẹ̀ a máa fi díẹ̀ kún agbára ọwọ́ tó ti rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí o bá fún 88S ni yóò fún bọ́ọ̀lù.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì nípa bí ọwọ́ jẹ́jẹ́ ṣe lè gbé ènìyàn jìnnà tó, kí ó wo Hendra Setiawan. Òun àti olóògbé Markis Kido gba ìdíje Àgbáyé ní 2007, wọ́n sì gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Beijing ní 2008, ọdún mẹ́wàá gbáko kí Astrox 88 tó jáde. Lẹ́yìn náà ó bá Mohammad Ahsan ṣe, àwọn méjèèjì sì gba ìdíje Àgbáyé ní 2013, 2015 àti 2019. Ti 2019 yẹn, ní ìlú Basel, bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù Ògún, tó jẹ́ ọjọ́ tí Setiawan pé ọmọ ọdún 35; àwọn ọmọ Jàpáánù méjì, Takuro Hoki àti Yugo Kobayashi, tí wọ́n kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, ni òun àti Ahsan borí ní 25-23, 9-21, 21-15. Ní oṣù márùn-ún ṣáájú, wọ́n ti gba All England nígbà tí ẹsẹ̀ ń dun Setiawan débi pé kò lè sáré bó ṣe yẹ. Kì í ṣe ẹni tí ń fi símáàṣì dẹ́rù bani. Símáàṣì ẹlòmíràn ló ń gbà bí ẹni tí ń gba ẹyin, a sì rọra jẹ́ kó jábọ́ sí ẹ̀yìn àwọ̀n, tí ẹni tó lù ú kò fi ní í lè ṣe ju kí ó gbé e sókè padà lọ. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025 ló gbá eré ìkẹyìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ó sì ti pé ọmọ ogójì ọdún nígbà náà. Mi ò ní kí a ka orúkọ rẹ̀ mọ́ rákẹ́ẹ̀tì kankan. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọwọ́ tó mọ bí a ti ń tú agbára bọ́ọ̀lù ká ni ọjọ́ orí kì í tètè gbà lọ́wọ́ ẹni, 88S sì ni rákẹ́ẹ̀tì tó fàyè gba irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ má ṣe rò pé mo kórìíra 88D. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lókè lẹ́yìn pápá, tí ẹsẹ̀ sì ti dé abẹ́ rẹ̀ lásìkò, kò sí ohun tó dùn bí i. A máa ń gbọ́ ọ ní etí kí a tó rí i ní ojú: ìró kan ṣoṣo, gbígbẹ, bọ́ọ̀lù a sì lọ sílẹ̀ ní igun tí 88S kò lè fún wa láìjẹ́ pé a fi agbára kún un. Ó ń fún ni ní ìdúróṣinṣin tí a bá ń lù léraléra, nítorí pé nínú eré oníméjì-méjì ti ọkùnrin símáàṣì àkọ́kọ́ kì í sábà parí ọ̀rọ̀; ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin ló ń ṣí ìlẹ̀kùn, ẹni iwájú a sì wọlé. Irú eré tí Satwiksairaj Rankireddy ti Íńdíà ń gbá nìyí. Òun ni Guinness World Records kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2023 fún bọ́ọ̀lù tó yára tó kìlómítà 565 ní wákàtí kan, òun àti Chirag Shetty ló sì gba wúrà ìdíje ilẹ̀ Éṣíà lọ́dún yẹn kan náà, tí wọ́n sì dé ipò kìíní lágbàáyé. Àmọ́ kí a má fi nọ́ńbà 565 yẹn ra rákẹ́ẹ̀tì o. Níbi àdánwò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe nínú ìdíje. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti kúrò lára okùn ni wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì rí ìyẹ́ rẹ̀ dì mú. Bọ́ọ̀lù tó wúwo tó gíráàmù 5 péré, tó ní ìyẹ́ 16, kì í pẹ́ kó tó pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú ìyára rẹ̀, kò sì sí alátakò kankan tí kìlómítà 565 dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń wo 88D bi ara rẹ̀ ni bóyá èjìká rẹ̀ lè gbé e dé òpin sẹ́ẹ̀tì kẹta. Fu Haifeng ti Ṣáínà, tí símáàṣì rẹ̀ ti dẹ́rù ba gbogbo ayé, gba wúrà Òlíḿpíìkì pẹ̀lú Cai Yun ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, ó sì tún gba òmíràn pẹ̀lú Zhang Nan ní Rio ní 2016, lẹ́yìn sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí wọ́n fi parí ti ìkẹyìn ní 23-21 sí Goh V Shem àti Tan Wee Kiong. Láti lè máa lù bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní ẹni tí ń tọ́jú iṣan rẹ̀ àti olùkọ́ tí ń kọ́ ọ ní eré agbára. Ẹni tó ń gbá badminton lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò ní ìkankan nínú wọn, mo sì rọ̀ ọ́ pé kí ó mú 4U bó bá jẹ́ 88D ló wù ú dandan.

Nípa okùn, Yonex kò fi dandan lé e, ṣùgbọ́n ohun tí mo ní láti sọ kò pọ̀. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń fà á le gan-an kí bọ́ọ̀lù lè lọ sí ibi tí wọ́n rán an gan-an, wọ́n sì ní rákẹ́ẹ̀tì mélòó kan nínú àpò nítorí pé okùn tí a fà le kì í pẹ́ já. Ẹ rántí ìparí eré oníméjì-méjì àwọn obìnrin ní Òlíḿpíìkì Tókíò ní 2021, nígbà tí Greysia Polii àti Apriyani Rahayu ti Indonẹ́ṣíà pàdé Chen Qingchen àti Jia Yifan ti Ṣáínà. Láàárín eré, nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lókè, Polii sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ju rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí okùn rẹ̀ ti já sílẹ̀, ó fa òmíràn yọ, ó sì padà wọlé, Rahayu nìkan ló sì ń dá bọ́ọ̀lù padà ní gbogbo àkókò yẹn. Wọ́n borí ní 21-19, 21-15. Polii yìí kan náà wà lára àwọn mẹ́jọ tí wọ́n lé kúrò ní Òlíḿpíìkì Lọ́ńdọ̀nù ní 2012 nítorí pé wọn kò gbá eré láti borí. Ó gbé ẹrù ìtìjú yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án, ó yí ẹnìkejì padà, kí ó tó fi wúrà kọ́ ọrùn. Rákẹ́ẹ̀tì kejì tó fà yọ yẹn ní láti rí bákan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù tó kàn ì bá ti lọ sóde. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bí owó bá tó rákẹ́ẹ̀tì méjì, ó sàn kí ènìyàn ra 88S méjì ju kí ó ra S kan àti D kan, kí ó máa pààrọ̀ wọn bí ẹni pààrọ̀ bàtà.

Ibi kan wà tí ìpín S àti D ti dúró ṣinṣin, ìyẹn sì ni eré ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin. Níbẹ̀ ni obìnrin ti sábà máa ń dúró síwájú, kódà nígbà tí ọkùnrin bá ń gbá sáàfù, tí ọkùnrin sì ń ṣọ́ gbogbo ẹ̀yìn. Zheng Siwei àti Huang Yaqiong ti Ṣáínà fi irú ìgbékalẹ̀ yìí gba ìdíje Àgbáyé ní 2018, 2019 àti 2022, wọ́n pàdánù ní ìparí Tókíò, wọ́n sì wá gba wúrà ní Párísì ní 2024 nígbà tí wọ́n na Kim Won-ho àti Jeong Na-eun ní 21-8, 21-11. Ẹni tó bá wo bí Huang ṣe ń gé ọ̀nà mọ́ bọ́ọ̀lù níwájú yóò lóye ohun tí 88S wà fún ju bí ìpolówó èyíkéyìí ti lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tí ń gbá eré pọ̀ déédéé, ẹ lè ra àwọn méjèèjì bí Yonex ti pín wọn, mi ò ní í jiyàn.

Fún àwọn yòókù, ìdí mìíràn wà tí mi ò fi gbà pé kí a máa ra rákẹ́ẹ̀tì nítorí ipò tí ẹnìkejì wa fi sílẹ̀ fún wa. Ẹnìkejì kì í dúró pẹ́. Seo Seung-jae ti Kòríà gba ìdíje Àgbáyé ti 2023 pẹ̀lú Kang Min-hyuk, ó sì tún gba ti ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin ní ọdún kan náà pẹ̀lú Chae Yu-jung. Nígbà tó fi máa di 2025, Kim Won-ho ló bá a gbá eré tí wọ́n fi gba ìdíje Àgbáyé mìíràn. Máàkì ipò àgbáyé nínú eré oníméjì-méjì, ti ikọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìdíje mẹ́wàá tí ikọ̀ náà ti ṣe dáadáa jù láàárín ọ̀sẹ̀ 52 ni wọ́n ń kà, ikọ̀ tuntun sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ síí kó máàkì tirẹ̀ jọ. Owó náà ń tẹ̀lé ìlànà kan náà. Ní àwọn ìdíje Super 1000 àti Super 750, tó wà lára àwọn tó tóbi jù nínú BWF World Tour ti àjọ badminton àgbáyé, ẹni tó gba ife eré ẹlẹ́nìkan ń gba ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀bùn, ikọ̀ oníméjì tó gba tirẹ̀ ń gba ìdá 7.4, wọn a sì pín in sí méjì. Ìdíje Àgbáyé ní tirẹ̀ kì í fúnni lówó ẹ̀bùn rárá. Nígbà tí owó orí pápá bá rí bẹ́ẹ̀, àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe rákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ oníméjì-méjì lè fojú kéré, nítorí náà bí a bá rí i tó gbé rákẹ́ẹ̀tì kan dání nínú àwòrán, kí a rántí pé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti rírà, ojú tí mo fi wò ó nìyí. Ẹni tí kò tíì pẹ́ nídìí eré náà kò nílò Pro. Àwọn ẹ̀dà Game àti Play tó wà lábẹ́ orúkọ kan náà dẹ̀ lọ́wọ́ ju Pro lọ, wọ́n sì ń dárí ji ọwọ́ tó bá ṣì bọ́ọ̀lù gbá, ohun tí Pro kì í ṣe. Ẹni tó ti mọ eré gbá, tó ń gba sáàfù dáadáa, tó sì ń fẹ́ rákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí yóò bá a dé gbogbo igun pápá pẹ̀lú ẹnìkejì yòówù kó ní, 88S Pro ní 4U ni kí ó mú. 88D Pro wà fún ẹni tí ó ti mọ̀ pé apá òun ló ń mú ayò wá fún ikọ̀ òun, tí èjìká kì í dùn ní ọjọ́ kejì. Kí ó sì yá a lọ́wọ́ ẹni tó ní i ná, kí ó fi gba símáàṣì fún sẹ́ẹ̀tì kan gbáko kí ó tó fi lu ẹyọ kan, nítorí lílù nìkan ni gbogbo ènìyàn ń fi dán an wò ní ilé ìtajà, kò sì sí ẹni tí 88D kì í wù bí ó bá jẹ́ lílù nìkan ni.